Orúkọ Aránṣọ Náà Dà?

Agúnpopo,
Ọ̀yọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ 14, Oṣù Okúdù, 2025.

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ìforítì lórí èdè wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí màá kọ̀wé sí yín. Ohun tó mú mi gbé gègé ni ètò àmì-ẹ̀yẹ tíátà kan tí mo wò lórí tẹlifíṣọ̀n nínú ilé mi ní òru ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 8, tó mọ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9, oṣù yìí. Ètò náà ni wọ́n ń pè ní Tony Awards, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń dá àwọn eléré orí ìtàgé wọn lọ́lá ní ìlú New York. Ọdún 1947 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi sọ orí Antoinette Perry, obìnrin òṣèré àti olùdarí eré tó papò dà ní 1946. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n gé kúrú sí Tony. Ti ọdún yìí ni ó ṣe ìkejìdínlọ́gọ́rin.

Kí n tó sọ ohun tó ń dùn mí, ó yẹ kí ẹ mọ ojú tí mo fi wo ètò náà. Aránṣọ ni mí. Láti ọdún 1976 títí di 1984, mo wà lára ẹgbẹ́ tíátà alárìnkiri kan tó ń ti ìlú dé ìlú, tó ń ṣeré ní gbọ̀ngàn ìlú, ní yàrá ìkàwé tí wọ́n ti kó àga rẹ̀ síta, àti ní ìta gbangba níbi tí kò bá ti sí gbọ̀ngàn. Èmi kì í ṣe òṣèré. N kò jáde síwájú òǹwòran rí, àfi ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò ru igbá kọjá. Aṣọ ni iṣẹ́ tèmi: agbádá ọba, ẹ̀wù jagunjagun, aṣọ ọ̀fọ̀, ìró àti bùbá ìyàwó tuntun, títí dórí àkísà tí ẹni tó ń ṣe wèrè yóò wọ̀. Mo mọ bí a ti ń fi kọ́tìnnì àtijọ́ rán agbádá tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá yóò pè ní àrán, mo sì mọ̀ pé bí ọrùn ẹ̀wù bá fún òṣèré, ohùn rẹ̀ yóò ti yí padà kí eré tó dé ìdajì.

Ìdí nìyí tí mo fi fi oorun du ara mi. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní New York, aago kan òru sì ni lọ́dọ̀ wa níbí. Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́, ló bá mi fi fóònù rẹ̀ fà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sórí tẹlifíṣọ̀n, a sì ti ra epo jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ nítorí a mọ ìwà iná wa. Ní nǹkan bí aago méjì, iná lọ lóòótọ́, a tan ẹ̀rọ, a sì ń wò ó lọ.

Inú mi dùn sí ohun púpọ̀ tí mo rí. Cynthia Erivo ló darí ètò náà, ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní London, ṣùgbọ́n tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti gba àmì-ẹ̀yẹ yìí kan náà ní ọdún 2016. Nígbà tó fi orin ṣí ètò ní gbọ̀ngàn ńlá Radio City Music Hall, ọmọ mi pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé a jókòó síbẹ̀. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ tó ń díje ṣe díẹ̀ nínú eré wọn níbẹ̀, nítorí ẹni tó jìnnà bíi tèmi, tí kò lè ra tíkẹ́ẹ̀tì débẹ̀ láéláé, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ń yẹ ènìyàn sí. Ó sàn fíìfíì ju kí wọ́n kàn máa pe orúkọ, kí ẹnìkan máa dìde, kí àwa tó ń wò má sì mọ ohun tó ṣe.

Ṣùgbọ́n aṣọ ni mo ń dúró dè. Mo ti sọ fún ọmọ mi pé kí ó jí mi bí oorun bá gbé mi lọ kí wọ́n tó kàn án, oorun kò sì gbé mi lọ rárá. Mo jókòó títí aago mẹ́rin fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Mo rí òṣèrékùnrin, mo rí òṣèrébìnrin, mo rí olùdarí eré, mo rí àwọn tó náwó lé eré lórí tí wọ́n kún orí ìtàgé bí èrò ọjà, n kò rí kí wọ́n pe aránṣọ kankan jáde wá gba ohunkóhun. Mo wá sọ fún ọmọ mi pé ó lè jẹ́ pé ẹ̀bùn wọn kò kan àwa tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, a sì pa tẹlifíṣọ̀n.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹ̀ka 26 ni wọ́n fi ń díje, aṣọ eré sì ní méjì nínú rẹ̀, ọ̀kan fún eré ọlọ́rọ̀ (èyí tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe), ọ̀kan fún eré olórin. Wọ́n ti pín àwọn yẹn tán kí ètò gan-an tó bẹ̀rẹ̀! Wọ́n ní ètò ìṣíwájú kan tí wọ́n máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí kì í jáde lórí ìkànnì tó gbé ojúlówó ètò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá àwọn bí aránṣọ, aṣètò iná àti aṣètò ohùn lọ́lá. Nígbà tí èmi ń bomi sójú kí n lè wà lójúfò di aago kan, aránṣọ ti gba tirẹ̀, ó ti lọ jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ó ti dùn mí jù. Ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó yááyì jù nínú eré ọlọ́rọ̀ ni Sarah Snook, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, tó dá ẹ̀dá ìtàn 26 ṣe nínú eré kan tí wọ́n yọ láti inú ìwé Oscar Wilde. Nígbà tó gba ẹ̀bùn náà, ó sọ pé lóòótọ́ ni wọ́n ń pè é ní eré ẹnìkan, ṣùgbọ́n kò sí alẹ́ kan tí ó ṣe òun bí ẹni pé òun dá wà, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà lórí ìtàgé àti lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé e. Mo dìde dúró ní pálọ̀ mi nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Láàárọ̀ ni mo wá gbọ́ pé eré yẹn kan náà ló gba ẹ̀bùn aṣọ fún eré ọlọ́rọ̀, pé Marg Horwell lorúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Òṣèré ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn lójú gbogbo ayé, ẹni tí ìdúpẹ́ náà sì kàn gan-an ti kọjá níbi tí ojú gbogbo ayé kò sí.

(Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó ń ya aṣọ sórí ìwé àti ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ rán an lè yàtọ̀ síra. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹnìkan ṣoṣo ni, òun náà ni yóò sì fọ̀ ọ́.)

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí kò lè mọ ohun tó wà nínú kí ènìyàn kan di ẹ̀dá ìtàn 26. Bí òṣèré bá ní láti bọ́ aṣọ ọba kí ó sì yọ jáde ní aṣọ ẹrú láàárín ìgbà tí onílù fi ń lu ẹsẹ̀ méjì, a kì í fi bọ́tìnnì sí i. Ìkọ́ ni à ń lò, tàbí rọ́bà, a ó sì fi aṣọ kejì sábẹ́ ti àkọ́kọ́ kí ó lè jẹ́ pé bíbọ́ nìkan ló kù. Ẹnìkan yóò di àtùpà mú, ẹnìkan yóò di fìlà mú, ẹni tó bá sì mọ ara òṣèré náà ni yóò mọ apá tó yẹ kí ó kọ́kọ́ yọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní Ṣakí, apá ẹ̀wù olórí ogun wa há, kò yọ, kò wọlé, onílù sì ti lu ẹsẹ̀ kejì tán. Mo fi sísọ́ọ̀sì ya á láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́, mo sì tì í jáde. Àwọn òǹwòran rò pé ojú ogun ló ti ya, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ṣì ní ẹ̀wù náà. Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń fi í jáde bẹ́ẹ̀ ní yíya.

Àwa ará Ọ̀yọ́ kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí láàfin Aláàfin ni tíátà tiwa ti ṣẹ̀. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ kó ààfin padà láti Ìgbòho sí Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ bá a lọ rán àwọn ènìyàn ṣíwájú kí wọ́n lọ ṣe bí iwin níbẹ̀, kí wọ́n lè dẹ́rù ba àwọn ìránṣẹ́ ọba. Ọba rán ọdẹ mẹ́fà lọ, ọwọ́ àwọn ọdẹ sì tẹ àwọn iwin náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe Abípa ní Ọba M'ọ̀rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀, ìyẹn iwin. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí eré alárìnjò, fi hàn pé Ológbìn Ológbojò, tó jẹ́ olórí eré, ni ó sọ eré eégún di eré ààfin. Ẹ wá wo ohun tí ìtàn ẹnu kò jẹ́ kó sọnù nínú iṣẹ́ náà. Olójọwọ̀n ni agbẹ́gilére tó gbẹ́ ìbòjú. Àwọn akùnyùngbà ààfin ló ń gberin. Alárán Orí ló rán aṣọ.

Ó lé ní 300 ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí ẹ̀rọ ayàwòrán, síbẹ̀ wọ́n pe orúkọ aránṣọ mọ́ orúkọ ọba àti orúkọ olórí eré, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Alárán Orí, mo ti fi iṣẹ́ tíátà sílẹ̀, mo ń rán aṣọ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ àdúgbò. Mo sunkún. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ mi ní baba ńlá.

Ní ọdún 1826 ẹ̀wẹ̀, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, wo eré yìí ní Ọ̀yọ́-Ilé nígbà tó jẹ́ àlejò Aláàfin. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jó nínú àpò, bí ejò erè gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ ṣe jáde, àti bí òyìnbó kan ṣe yọ níkẹyìn tó ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí, tí òtútù sì ń mú. Ó yìn wọ́n, ẹnu sì yà á bí ejò náà ṣe jọ ejò. Ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ẹni tó rán awọ ejò yẹn nínú ohun tó kọ. Àlejò ni, n kò bá a wí. Èyí tó ń bí mi nínú ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sì tún ń wo eré bí àlejò, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹni tó wọ aṣọ.

Mo ní ìdí ti ara mi pẹ̀lú, n kò ní fi pamọ́. Ní 1981, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan wá ká eré wa sílẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ṣe é, èmi sì tún aṣọ 40 ṣe nítorí wọ́n ní aṣọ funfun ń tàn jù lójú ẹ̀rọ wọn. Mo rẹ ẹ́ sínú omi ewé, mo sá a, mo lọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé eré náà jáde, mo mú ìyá mi lọ sí ilé aládùúgbò tó ní tẹlifíṣọ̀n. A wò ó tán. Orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ ọ̀gá wa, orúkọ olùdarí ilé-iṣẹ́ wọn, orúkọ ẹni tó wa ọkọ̀ wọn pàápàá, lẹ́yìn náà ìpolówó ọṣẹ bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi yíjú sí mi, ó ní, “Orúkọ tìrẹ dà?” Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní àsìkò kò tó. Ìyá mi ti di olóògbé, n kò sì rí ìdáhùn kan fún un títí tó fi lọ.

Àsìkò kò tó yìí náà ni mo mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe ètò New York yóò fi dáhùn, ó sì yẹ kí n gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò, nítorí òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ń náni lówó, olùpolówó ń fẹ́ ojú tó mọ̀, àwọn tó sì ń wò láti ilé ń fẹ́ orin àti ijó. Bí wọ́n bá pín ẹ̀ka 26 lójú gbogbo ènìyàn, tí wọ́n sì tún ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣeré, ilẹ̀ lè mọ́ bá wọn. Ṣùgbọ́n Oscar, tí í ṣe ti àwọn onífíìmù wọn, ti gbìyànjú ohun kan náà. Ní ọdún 2022, wọ́n kó ẹ̀ka mẹ́jọ síwájú ètò, wọ́n pín wọn kí tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀, inú sì bí àwọn oníṣẹ́ débi pé ní 2023 wọ́n dá gbogbo wọn padà. Ayé kò bàjẹ́. Ní oṣù Ẹrẹ́nà tó kọjá yìí, lórí ètò Oscar gan-an, gbogbo ayé rí Paul Tazewell nígbà tó di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn aṣọ fíìmù, gbọ̀ngàn sì dìde fún un. Ẹni yìí kan náà ló gba ẹ̀bùn aṣọ eré olórin ní Tony ti ọdún yìí. Oṣù mẹ́ta péré ló wà láàárín méjèèjì. Fíìmù yẹ́ ẹ sí lójú ayé, ìtàgé, níbi tí ó ti kọ́ iṣẹ́, fi tirẹ̀ sí ìrọ̀lẹ́.

Ìtàgé sì ni aṣọ ti ṣe pàtàkì jù. Nínú fíìmù, wọ́n lè gé àwòrán, wọ́n lè tún un yà. Lórí ìtàgé, bí okùn bá já, ó já nìyẹn.

Ó yẹ kí àwa Yorùbá rántí ọdún 2010. Eré tí wọ́n fi ìgbésí ayé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ṣe ní New York wọ ìdíje Tony ní ẹ̀ka 11, ó sì gba mẹ́ta. Ọ̀kan jẹ́ ti ijó, tí Bill T. Jones kọ́ wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti aṣọ, ọwọ́ Marina Draghici. Ìkẹta jẹ́ ti ohùn, iṣẹ́ Robert Kaplowitz. Kò sí òṣèré kan tó gbà á nínú eré náà. Ọmọ Abẹ́òkúta wọ ìlú New York, aṣọ, ijó àti ohùn ni wọ́n fi kí i káàbọ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 2014, àwọn alákòóso Tony kéde pé àwọn fagi lé ẹ̀bùn ohùn pátápátá. Ó di 2018 kí wọ́n tó tún fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ènìyàn bá ti gbé kúrò lójú ni ó máa ń kọ́kọ́ rọrùn láti gé.

Wọ́n ṣe ohun kan tó dára lọ́dún yìí tí mo fẹ́ kí àwọn tiwa kọ́. Eré olórin kan wà tó dá lórí àwọn olórin ilẹ̀ Kúbà, níbi tí àwọn onílù àti onígìtá ti wà lórí ìtàgé pẹ̀lú àwọn òṣèré, wọ́n sì fún gbogbo àwọn onílù àti onígìtá náà ní àmì-ẹ̀yẹ àkànṣe. N kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún mi. Kúbà tí bàtá tiwa dé, tí wọ́n ṣì fi ń kí Ṣàngó títí dòní, mọ̀ pé eré tí kò ní onílù kì í ṣe eré. Ní ẹgbẹ́ wa, bí onílù bá ń ṣàìsàn, a ó sún eré síwájú. Bí òṣèré bá ń ṣàìsàn, a ó wá ẹlòmíràn tó mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun mìíràn ni bí wọ́n ṣe ń fi orin lé ènìyàn sọ̀kalẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ̀ bá gùn. Ọ̀rọ̀ yìí kò tó ohun tí à ń jà fún tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀jẹ̀ ni ìyá mi, etí mi sì kún fún ìjúbà láti kékeré. Ẹni tó bá ń dárúkọ olùkọ́ rẹ̀ àti àwọn tó gbé e ró, ìbà ló ń ṣe. Atọ́kùn kì í gba ìbà lẹ́nu eégún.

Òfin kan tún wà tí ọmọ mi kà fún mi: eré tí kò bá wáyé nínú ọ̀kan lára ilé eré 41 kan ní Manhattan, tó ní ó kéré tán àga 500, kò lè wọ ìdíje Tony rárá. Ilé wọn ni, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Àwa tí a bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ níbí kò gbọdọ̀ ṣe irú òfin yẹn, nítorí bí ó bá jẹ́ pé gbọ̀ngàn tó ní àga 500 ni a fi ń wọn eré, Ògúndé, Dúró Ládiípọ̀ àti Kọ́lá Ògúnmọ́lá ìbá má lè mú eré tí wọ́n ṣe ní ọ̀pọ̀ ìlú wá fún ìdíje kankan.

Mo sọ èyí nítorí mo ń gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ tún ti ń padà sórí ìtàgé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ètò àmì-ẹ̀yẹ ń pọ̀ sí i ní ilẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti fíìmù ló pọ̀ jù. Bí ẹgbẹ́ kan tàbí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní ìpínlẹ̀ wa bá fẹ́ gbé àmì-ẹ̀yẹ orí ìtàgé kalẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀bẹ̀ mi sí wọn ni pé kí wọ́n má ṣe ya aránṣọ, agbẹ́gilére, onílù àti ẹni tó ń tan iná sọ́tọ̀ fún ìrọ̀lẹ́. Kí wọ́n pè wọ́n jáde láàárín àwọn òṣèré. Bí wọ́n bá ń bẹ̀rù pé yóò sú òǹwòran, kí wọ́n lo ìṣẹ́jú kan péré láti fi iṣẹ́ náà han ènìyàn: kí wọ́n gbé agbádá ọba náà wá, kí ẹni tó rán an yí inú rẹ̀ síta, kí àwa tó wà nílé rí ibi tí wọ́n fi ìkọ́ sí àti kọ́tìnnì tó ti di àrán. Ó dá mi lójú pé kò sí ẹni tí yóò dìde lọ mu omi. Ìdán ni àwọn ọ̀jẹ̀ ń pe irú rẹ̀, ìdán sì ni àwọn baba wa ń tìtorí rẹ̀ fi oko sílẹ̀ wá wo eégún.

Ẹ̀bẹ̀ mi kejì wà lọ́wọ́ ẹ̀yin Olóòtú fúnra yín. Nígbàkígbà tí àwọn oníròyìn yín bá kọ nípa eré orí ìtàgé, kí wọ́n jọ̀wọ́ béèrè orúkọ aránṣọ àti orúkọ onílù kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Ìlà kan ló máa gbà nínú ìwé ìròyìn yín. Mo ní àpótí kan nílé tí mo kó ìwé ìpolówó gbogbo eré wa láti 1976 sí 1984 sí, mo sì ti fi gègé kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ lẹ́yìn aṣọ ìkélé sẹ́yìn wọn: ẹni tó kan àga ọba, ẹni tó ń rọ epo sí àtùpà gáàsì, àwọn onílù mẹ́rin, àti ọmọbìnrin tó ń bá mi yọ òwú. Púpọ̀ nínú wọn ti lọ. Bí ẹ bá rán ẹnìkan wá, màá gbé àpótí náà fún un kí ó da gbogbo rẹ̀ kọ. Kò jìnnà sí ọjà Àkẹ̀sán, ìdí ẹ̀rọ mi ni yóò sì ti bá mi láàárọ̀ ọjọ́kọ́jọ́, àfi ọjọ́ Àìkú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Aránṣọ,
Agúnpopo, Ọ̀yọ́.